Kíkùn Tí Mo Gbọ́ Tí Mo Sẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi nínú ìgbìmọ̀, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdágbére níbi tí ẹ ti ń kógbá iṣẹ́ wa sílé, ẹ ní kí n fi àwọn ìtàn ìgbà yẹn pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun. Mi ò lè wá, ọkàn mi tí dókítà ń bá fà á ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí nínú pálọ̀ mi, kí ẹ lè gbé e sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni mo fẹ́ pa yín. Mo gbọ́ pé ẹ ti gbẹ́ orúkọ mi sára àwo kan, pé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni alága tí etí rẹ̀ kò ṣègbè rí. Ẹ má gbé àwo yẹn fún mi. Etí mi ṣègbè lẹ́ẹ̀kan, èmi fúnra mi ni mo ní kó ṣègbè, ẹni tí mo sì ṣe é sí ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò fẹ́ bá a wọ sàréè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn ará ilé yín tó bá yín wá, kí wọ́n má baà jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa wò suu. Iléeṣẹ́ kan lè ní ẹ̀ka káàkiri ìlú. Ó fẹ́ kí àwọn ẹ̀ka náà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé kan náà, láìjẹ́ kí ará ìta gbọ́. Kò lè la ọ̀nà tirẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ta ló lágbára ìyẹn? Ọ̀nà iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, tí gbogbo èèyàn ń gbà, ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà máa gbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oníkálukú ló ń fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní nọ́ńbà bó ṣe wù ú, nọ́ńbà ẹ̀rọ onítáyà sì lè bá ti iléèwòsàn mu rẹ́gí, bí ilé méjì ní àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè jọ jẹ́ ojúlé kẹta. Nítorí náà a máa ń fi àmì kan síwájú nọ́ńbà kálukú, kí rúta, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè mọ ojúlé kẹta ta ni. Ká fohùn ṣọ̀kan lórí àmì yẹn, ká kọ ọ́ sínú ìlànà kan kí gbogbo ẹni tó ń ṣe rúta lè ṣe é bákan náà, iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ wa fi ọjọ́ ayé ṣe nìyẹn. Ọ̀nà àdáni lórí títì gbogboogbò, ohun tí a ń tò nìyẹn.

Bí a ṣe ń mọ àbá tó borí ló máa ń ya àlejò lẹ́nu. A kì í dìbò, a kì í nawọ́ sókè. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀gá kálukú lè wà ní ìjókòó, ẹni tó bá sì nawọ́ fún ohun tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ lè padà dé ibiṣẹ́ kó bá tábìlì rẹ̀ níta. Kíkùn la máa ń kùn. Alága á ní, ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó kùn. Wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á máa kùn nínú imú bí oyin inú afárá. Alága á tún ní, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó kùn, àwọn yẹn náà á kùn tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó kùn. Alága nìkan ló máa sọ èyí tó rinlẹ̀ jù, ohun tó bá sọ ni akọ̀wé sì máa kọ. Ẹ ò rí i pé gbogbo iṣẹ́ náà wà lórí etí ẹnì kan. Èmi ni mo ni etí náà, mo sì ń fi yangàn. Mo máa ń fọ́nnu pé mo lè mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkùn ẹni tó gbà tọkàntọkàn àti ti ẹni tí òtútù kàn ń mú.

Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Ta-nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà inú yín ò ní gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòówù ká máa sọ, á dìde, á ní, “Tí àmì kan bá kan ilẹ̀kùn rúta yín, ṣé rúta yín máa ń béèrè pé ta nìyẹn?” Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ yàrá láìkan ilẹ̀kùn, àní bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Aṣọ òtútù aláwọ̀ eérú kan ló máa ń wọ̀, ìgúnpá rẹ̀ ti já, ó sì fi òwú pupa rán an. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní, “Ta-nìyẹn, ṣé kò sí òwú tó bá aṣọ yìí mu lọ́jà ni?” Ó ní, “Ó wà. Tí n bá fi rán an, kí lo wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?” Ọkọ mi ti kú nígbà yẹn. Ìyàwó tirẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti kó lọ sókè òkun, ó mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí dání. Kò sẹ́ni tó máa dá wa lẹ́bi. Síbẹ̀ àgbàlagbà méjì, a jókòó ti ara wa nípàdé, à ń jiyàn lórí nọ́ńbà bí ẹni pé nọ́ńbà ló ká wa lára.

Nígbà tó fẹ́ dán èrò rẹ̀ wò, ó gbé rúta kékeré kan wá sí pálọ̀ mi, ó gbé ìkejì sí ilé tirẹ̀, ó sì la ọ̀nà àdáni láàárín àwọn méjèèjì. Iná kékeré kan wà níwájú ẹ̀rọ náà. Ó ní, “Tí ó bá ti ní àwọ̀ ewé, wọ́n ti rí ara wọn. Tí ó bá pọ́n, má yọ ọ́ o, kò tíì bàjẹ́. Ó ń pe ìkejì ni, ó kàn ń dúró kí ìyẹn dáhùn.” Ó so fóònù orí tábìlì kan mọ́ ọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, á dún, màá gbé e, màá ní, “Ta nìyẹn?” Á ní, “Èmi ni. Ṣílẹ̀kùn.” A ò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Á sọ ohun tó sè fún mi àti bó ṣe jóná, á ní kí n dúró kí òun lọ wo ìkòkò, màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé. Ìró ẹsẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju orin lọ. Àwa méjì péré la wà lórí ọ̀nà náà nínú gbogbo ayé, mi ò sì tíì rí ibi tí ara ti tù mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àbá rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan ti pàdé ti òmíràn dà bí ibodè. Nígbà náà, rúta tó wà ní ibodè ń gba àmì lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní ti onítáyà nìyí, á gbà pé ti onítáyà ni. Ta-nìyẹn fẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìlànà pé dandan ni kí rúta ibodè yẹ àmì kọ̀ọ̀kan wò, kó sì kọ èyí tí wọn ò bá jọ ṣàdéhùn lé lórí. Àwọn tó ń ta rúta ní á dá iṣẹ́ dúró, owó á pọ̀. Ó ń fi sùúrù dá wọn lóhùn nípàdé kan dé òmíràn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kùn lé e lórí, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n gbé omi gbígbóná sí, ó ń ro tíì. Ó ní, “Alága, iléeṣẹ́ kan lókè òkun ti bá mi sọ̀rọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà á lónìí, wọ́n á mú mi lọ kí n wá bá wọn ṣe é. Ìlú tí ọmọ mi wà ni.” Mo ní, “Kú oríire.” Ó dúró, ó ń ro tíì tó ti rò tán. Ó ní, “Ṣé gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn?” Mo ní, “Kí ni kí n tún sọ? Kú oríire náà ni.” Ó wò mí, ó ní, “Ó dáa, ẹ ṣeun, Alága.” Kì í fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí wọra, àmọ́ èmi ni mo fà á. Gbólóhùn kan báyìí, má lọ, ni ì bá yanjú gbogbo ẹ̀. Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin inú gbọ̀ngàn, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnì kan nídìí tíì.

A wọlé. Ẹ mọ irú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó rí bí ẹni pé ọbẹ̀ dà sí i, afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọ eegun, wáyà kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ gbé èèyàn ṣubú. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kó di dandan, kó kùn. Kíkùn náà dìde láti ẹ̀yìn wá, ó ń bọ̀ síwájú, títí mo fi ń gbọ́ ọ nínú pákó tábìlì lábẹ́ ọwọ́ mi. Omi inú ife mi ń mì. Ta-nìyẹn wà ní ìlà kẹta, ó dijú. Òun nìkan ni kò kùn lára àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, ó máa ń ní kò bójú mu kí èèyàn kùn fún àbá ara rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó kùn. Ó dún, mi ò ní purọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó dún bíi fíríìjì tó wà ní yàrá kejì. Kò sí ìfiwéra. Gbogbo wọn wá dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, fóònù ọjọ́ ìsinmi ni mo fojú inú rí, bó ṣe jókòó sórí tábìlì nílé mi tí kò dún. Mo ní, “Méjèèjì dọ́gba létí mi. Kò sí ìfohùnṣọ̀kan. A fi àbá náà sílẹ̀.” Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Akọ̀wé kọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wo ara wọn lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kùn, tirẹ̀ ló kún un létí, kò lè búra sí ti ẹlòmíì. Ta ló sì máa bá etí mi jiyàn?

Igbákejì mi jókòó tì mí. Ó-tán là ń pè é, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀, á ní, “Ó tán, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.” Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, “Alága, ṣé bí o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?” Mo ní, “Bó ṣe dún nìyẹn.” Iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà lára àwọn tí kò fẹ́ àbá náà rárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní, “Ó tán.” Báyìí la ṣe jọ mulẹ̀ láìmulẹ̀. Ó ti kú, kí Ọlọ́run forí jì í. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù tó mọ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá máa tan ara mi pé àṣìṣe ojú ẹsẹ̀ ni. Ibẹ̀ kọ́ ló burú sí jù. Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n kàn án. Mo ti mọ ẹni tó ni ìkanlẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ni mo ti fẹ́ béèrè, kì í ṣe ọwọ́ alága. Mo dijú lánàá. Ó ṣe mí bíi pé ó pọ̀ gan-an. Ó ṣe mí bíi pé àga mi ń gbọ̀n. Ṣé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo kàn ń gbọ́ ni?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé mo ṣì lè tún un ṣe. Ìlànà wa gbà á: alága lè ní etí òun ò dá òun lójú, ká tún un kùn. Ó dúró níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ ń fa òwú pupa ìgúnpá rẹ̀ bíi ọmọ tí wọ́n fẹ́ bá wí. Mo ní, “Ó kéré, Ta-nìyẹn. Àánú rẹ ló jẹ́ kí n pè é ní dọ́gba.” Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Irọ́, mo mọ̀: mo fẹ́ kó gbàgbé àbá náà pátápátá, kí wọ́n má baà tún un gbé wá, kó má baà lọ. Ó wá ní, “Tí ẹlòmíì bá sọ ọ́, mi ò ní gbà. Àmọ́ ìwọ lo sọ ọ́. A jẹ́ pé kò dún.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ fún òun. Mo bi í bóyá á pè mí lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ní, “Tí ara mi bá yá.”

Kò pè. Mo rò pé bí àbá bá ṣubú, á dúró tì mí. Ẹ wo òmùgọ̀ àgbà. Kò tún wá sí ìpàdé mọ́. Wọ́n ní ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara òun mọ́, pé bóyá gbogbo ohun tí òun ti ń gbọ́ látẹ̀yìnwá náà, òun ló ń dá a gbọ́. Ó kó lọ sí ìlú kékeré kan, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílé ẹ̀kọ́ kan. Kò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọmọ yẹn dàgbà, ó lọ́kọ, bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀, gbólóhùn mi ló dí i lọ́nà.

Kò sì mọ lórí àwa méjì. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, òṣìṣẹ́ kan ní ibodè kan tẹ àmì tí kò yẹ, rúta kejì sì gbà á láìbéèrè. Ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wá já sínú ti onítáyà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn jọ ní nọ́ńbà kan náà. Èsì àyẹ̀wò ọmọbìnrin kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbọọrọ, jáde ní ṣọ́ọ̀bù táyà láàárín àwọn tó ń fa táyà, ọ̀kan nínú wọn sì mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí gbogbo àdúgbò fi mọ ohun tí kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ó kó kúrò níbẹ̀, mi ò mọ ibi tó lọ. Wọ́n ní kí èmi alága wá sọ̀rọ̀ lé e. Mo dìde, mo ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ló ṣì. Ẹ̀yin kan tó ń gbọ́ mi báyìí pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìbéèrè kékeré yẹn, ta nìyẹn, ni ì bá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ìtìjú, èmi ni mo sì pa á mọ́ rúta lẹ́nu.

Àmọ́ iná inú pálọ̀ mi kò pọ́n. Ohun tí mi ò sọ fẹ́nì kankan rí nìyí. Nígbà tó ń kó lọ, ó pọ́n fúngbà díẹ̀, mo ní ó ti parí. Lọ́jọ́ kan mo wọlé, ó ti padà di àwọ̀ ewé. Ó gbé ẹ̀rọ náà dání lọ, ó tún un so níbi tó wà. Kò pè mí, kò sì yọ ọ́. Èmi náà ò pè é, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pè é? Mo ra bátìrì tì í kó má baà kú bí iná bá lọ. Mo ń nu eruku ara rẹ̀ kí n tó nu ti fọ́tò ọkọ mi, kí ọkọ mi má bínú. Mo máa ń kí i láàárọ̀. Àárò rẹ̀ máa ń sọ mí débi pé màá gbé fóònù náà sétí láìtẹ nǹkan kan, màá kàn máa gbọ́ bó ṣe dákẹ́ lọ́hùn-ún, màá ní ó wà níbẹ̀. Ayé mi gbogbo, èèyàn kì í pọ̀ nínú ilé yìí. Iná yẹn ni mo ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní ó ti kú. Mo wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin títí mo fi rí i. Etí mi tí ẹ kọ sára àwo, ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ báyìí kó tó gbọ́ràn, ó di kí màmá náà máa pariwo. Ó ní, “Kò kú o. Ojú rẹ̀ ló ń ṣú, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ọmọ náà fa wáyà kan yọ lára ògiri, ó ju ẹ̀rọ kan sínú páálí. Àbúrò mi jágbe mọ́ ọn, mi ò gbọ́ ọ kó jágbe rí láti kékeré. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ò gbọdọ̀ wọ páálí, ọwọ́ òun ló máa wà. Ó wá ní tí obìnrin kan bá pè, kí n bi í bóyá tirẹ̀ ṣì ń tàn.” Mo fi ìkánjú kí màmá náà, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ẹnu tí irọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kí ẹ tó tú ká, ẹ bá mi pa ohun tí akọ̀wé kọ lọ́jọ́ yẹn rẹ́, ẹ kọ òótọ́ sí i. Ẹ tún ìbéèrè rẹ̀ bi gbọ̀ngàn, kí ẹ sì kùn. Bó pọ̀, bó kéré, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa jókòó sórí irú àga yẹn lọ́la, bí àwọn èèyàn bá gba etí yín gbọ́ ju tara wọn lọ, ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹnì kan má lọ, ẹ sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀, ẹ má lọ gba ẹ̀yìn dí i lọ́nà bíi tèmi.

Ta-nìyẹn, mo ti ní kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ èyí kí gbọ̀ngàn tó gbọ́ ọ. Ó dún. Ó pọ̀. Àga rẹ gbọ̀n lóòótọ́, omi inú ife mi náà mì. Etí rẹ kò tàn ọ́ rí, èmi ni mo tàn ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, ó yé mi, má fi ipá ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí ní ìbéèrè kan: ó ń tàn. Pupa ni, ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi pé kí n má yọ ọ́ tí ó bá pọ́n. Mo ti fa àga mi sún mọ́ ọn. Bí o bá so tìrẹ mọ́ iná lọ́hùn-ún, tí fóònù ọjọ́ ìsinmi bá dún, mi ò ní béèrè ta nìyẹn.